Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Káàdì ọdún méjì, ọwọ́ oṣù mẹ́fà

Lóṣù yìí, lẹ́tà lórí títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yẹn ló sábà máa ń kún àpò lẹ́tà mi. Mo fura pé àwọn aṣàyẹ̀wò ti ń yí iléeṣẹ́ ká ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú níbí. Mo ti yọ orúkọ gbogbo yín kúrò. Ẹni tó bá dá lẹ́tà ara rẹ̀ mọ̀, kó rọra máa kà á lọ.

LÁTI ODÓGUNYÀN

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Alámòójútó ni mí ní iléeṣẹ́ kan tí a ti ń ṣe ike. Ó tó ọdún méjì ààbọ̀ tí wọ́n kọ́ àwa méjìlá ní CPR, ìyẹn títẹ àyà àti fífún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró ní èémí, tí wọ́n sì fún wa ní káàdì. Lóṣù tó kọjá, àwọn oníbàárà wa láti Amẹ́ríkà wá wo iléeṣẹ́, wọ́n ní káàdì wa ti kú. Máníjà wa ní kò sí òfin Nàìjíríà tó ní ká tún lọ kọ́ ọ, pé ẹni tó ti mọ nǹkan ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Ọ̀gá ètò ààbò ní ọdún méjì méjì ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún mẹ́ta ni tiwọn. Èwo ni ká gbà? Kí n má parọ́ fún yín, Mà, bí ẹnìkan bá ṣubú níwájú mi báyìí, n ò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ lé láyà rẹ̀.

ÌDÁHÙN

Gbólóhùn tẹ́ ẹ fi parí lẹ́tà yín ti dá máníjà yín lóhùn ju bí èmi ṣe lè dá a lóhùn lọ. Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá kí wọ́n má bi yín pé kí lẹ wá ń ṣe ní kíláàsì nígbà náà. Torí náà, ẹ jẹ́ ká tú òfin wò, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan mú dání.

Máníjà yín kò parọ́ lórí ti Nàìjíríà, ó kàn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú ni. Òfin iléeṣẹ́ wa, Factories Act ti ọdún 1987, ní kí àpótí fáàsì éèdì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Bí òṣìṣẹ́ bá ju 150 lọ, kí wọ́n fi òmíràn kún un fún 150 mìíràn tó bá lé. Àpótí kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ṣe é fọkàn tán tí yóò máa mójú tó o, ẹni tí wọ́n á máa rí ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ wá "ọdún méjì" tàbí "lọ́dọọdún" títí nínú rẹ̀, ẹ ò ní í rí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi máníjà yín léèrè: bí ẹni tí wọ́n fi sídìí àpótí kò bá mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, kí ni wọ́n fi í síbẹ̀ fún? Kó máa ka báńdéèjì?

Ti Amẹ́ríkà làwọn oníbàárà yín ń tẹ̀ lé. OSHA ni àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Òfin wọn tó kan gbogbo iléeṣẹ́ sọ pé bí kò bá sí ọsibítù tàbí kílíníìkì nítòsí, ẹni tó gba ẹ̀kọ́ fáàsì éèdì tó péye gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́. Òun náà kò kọ iye ọdún. Ìgbà tó bá kan àwọn iṣẹ́ eléwu ló tó le. Àwọn tó ń gé igi gẹdú gbọ́dọ̀ mọ CPR, kí ẹ̀kọ́ wọn má sì tíì kọjá àsìkò. Nínú ikọ̀ tó ń yọ èèyàn kúrò nínú táǹkì tàbí kòtò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò dáa, ó kéré tán ẹnìkan gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí tí kò tíì kú lọ́wọ́. Ti àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ló wù mí jù: ní ibi iṣẹ́ tó wà lójú kan, òfin ní kí àwọn tó mọ CPR pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn á fi lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí iná bá gbé láàárín ìṣẹ́jú 4. Lẹ́yìn èyí, nínú ìwé ìmọ̀ràn tí OSHA ṣe fún àwọn agbanisíṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n máa tún ẹ̀kọ́ ohun tó lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀ ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Níbo wá ni ọdún méjì ti wá? Orí káàdì ni. American Heart Association ló ń kọ ọdún méjì sórí káàdì tirẹ̀, American Red Cross náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ìjọba. Ọ̀gá ètò ààbò yín ka ẹ̀yìn káàdì, ó sì kà á re. Ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù náà sọ òtítọ́: ọdún mẹ́ta ni ìwé-ẹ̀rí fáàsì éèdì ibi iṣẹ́ ń lò níbẹ̀. Ó kàn jọ pé kò fi kún un pé HSE, àjọ ààbò tiwọn, ń rọ̀ wọ́n gidigidi pé kí wọ́n máa ṣe àtúnkọ́ rànpẹ́ lọ́dọọdún láàárín ọdún mẹ́ta náà. Ní Ọsirélíà, wọ́n yà á sọ́tọ̀ pátápátá: ọdún mẹ́ta fún fáàsì éèdì, ọdún kan péré fún CPR.

Kí ló fà á tí CPR fi ń yára kú ju ìyókù lọ? Ọwọ́ ni. Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́ á rí ọgbẹ́ dì nílé: ọmọ á fi ọ̀bẹ gé ìka, ìyàwó á fi epo gbígbóná jó apá. Ta ló ń tẹ àyà nílé? Àwọn tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ rí i léraléra pé láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn kíláàsì, ìmọ̀ náà ti ń yọ́ kúrò lọ́wọ́. Èèyàn á máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tàbí kó máa sáré jù, tàbí kó fara ti àyà náà tí kò ní jẹ́ kó gbé padà sókè. Èyí ló mú kí American Heart Association fúnra wọn gbé ètò mìíràn kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù, tí wọ́n fi ń tẹ ọmọláńgidi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì àti dókítà là ń sọ o! Bí àwọn yẹn bá ń gbàgbé, ta wá ni ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ike?

Kílíníìkì iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ṣágámù ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí kíláàsì wọ̀nyí ṣe máa ń rí. Wọ́n á kó èèyàn kún kántíìnì. Olùkọ́ á gbé ọmọláńgidi ẹyọ kan ṣoṣo wá, Sísí Áńnà làwa ń pè é. Àwọn tó wà níwájú á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní fọwọ́ kàn án rárá, wọ́n á máa wo aago torí bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́. Wọ́n á pín míìtì-páì àti ohun mímu tútù, orúkọ gbogbo wọn á jáde lórí ìwé-ẹ̀rí, ó di ọdún méjì. Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, ọdún 1960 ni Asmund Laerdal, ará Norway kan tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, gbé irú ọmọláńgidi yẹn jáde, ọdún yẹn gan-an sì ni Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker tẹ ìwádìí wọn lórí títẹ àyà jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ náà àti ọmọláńgidi rẹ̀ jọ dáyé ni. Ẹni tó kọ́ ọ̀kan láìfọwọ́ kan ìkejì kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Tiwa tilẹ̀ tún ní èyí tó fi le ju ti Amẹ́ríkà lọ. Òfin wọn ń sọ pé "bí kò bá sí ọsibítù nítòsí". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Odógunyàn, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí tírélà bá ti dábùú ọ̀nà tí kòròpé àti ọlọ́kadà sì ti há sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìṣẹ́jú mélòó lẹ máa fi dé Gáréèjì, ká má tíì wá sọ Ọsibítù Ìjọba? Láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6 tí afẹ́fẹ́ kò bá dé ọpọlọ, ó ti ń bàjẹ́. Ẹ pe 767 tàbí 112 o, kí ẹnìkan máa pè é bí ẹlòmíràn ti ń tẹ àyà. Ṣùgbọ́n kò sí iléeṣẹ́ kankan ní Ìkòròdú tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun wà nítòsí ọsibítù ní wákàtí yẹn.

Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ gbé síwájú máníjà nìyí. Kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná, nídìí ẹ̀rọ tó lè gbá èèyàn mú, àti àwọn tó ń wọ táǹkì, lọ sí kíláàsì gidi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn tó kù lè máa lọ ní ọdún méjì méjì, kó tó di pé káàdì kú, kí àwọn oníbàárà yín lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ kà. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tí àwọn alẹ́ bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀sán, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan tẹ àyà fún ìṣẹ́jú méjì lójú ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ní láti sanwó fún olùkọ́ torí ìyẹn. Bí iléeṣẹ́ kò bá tíì lè ra ọmọláńgidi, ẹ di aṣọ òkírìkà mọ́ inú àpò ìrẹsì kó le dáadáa, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ máà gbé e sórí fóòmù. Kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní èémí, ṣùgbọ́n apá àti ẹ̀yìn yín kò ní gbàgbé iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin méjìlá sì kéré bí gbogbo yín bá wà ní ọ̀sán. Ẹ lọ wo ìwé iṣẹ́ alẹ́ kẹ́ ẹ kà á, mélòó nínú yín ló wà níbẹ̀?

Ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé: àárín àyà gan-an, lórí egungun tó wà láàárín ọmú méjèèjì. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ máa fi lé e, ẹ gbé ìkejì lé e lórí, ẹ na ìgúnpá yín tán, kí èjìká yín wà lókè ọwọ́ gan-an. Fún àgbàlagbà, kí àyà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má ju 6 lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbé padà kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Kó tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Títẹ̀ 30, èémí 2, kẹ́ ẹ máa bá a lọ, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì torí ó máa ń rẹ apá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ti kíkà, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kà á ní Yorùbá tààrà dé ọgbọ̀n. Kẹ́ ẹ tó pe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tán, ọwọ́ yín á ti falẹ̀. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

LÁTI ÌGBÓGBÓ

Ẹ káàárọ̀, Mà. Mo ní bẹ́kìrì búrẹ́dì, ọmọ iṣẹ́ mi jẹ́ mẹ́jọ. Ọkọ mi ka ibì kan pé ó yẹ kí n kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí èèyàn là. Èmi ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí mo bá fi owó kọ́ lónìí, kó tó di ọdún Iléyá ó ti bá ẹlòmíràn lọ. Ta ni kí n kọ́, kí n sì máa kọ́ wọn ní ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún?

ÌDÁHÙN

Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ara yín. Ẹ̀yin lẹ ò ní bá ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn yín, ẹni tó ń wà nídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, torí mo mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń tutù tí wáyà sì máa ń gba orí omi kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnìkan nínú àwọn tó ń sun búrẹ́dì lóru. Púpọ̀ nínú yín ń sùn nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òru yẹn gan-an ni kì í sí ẹni tó lè ké sí aládùúgbò.

Ní ti ẹ̀ẹ̀melòó, ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń wọlé jáde bí tiyín, kàlẹ́ńdà kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ọmọ tuntun bá dé ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ìyẹ̀fun, ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń paná hàn án, ti NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á lójú yín. Kí ó tẹ àpò òkírìkà tí mo sọ lókè yẹn títí tí òógùn á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbà yín ní kọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn tó ti pẹ́ bá ń kọ́ ẹni tuntun, àwọn náà ń rántí tiwọn. Kíláàsì gidi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó fún ẹ̀yin àti ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. Nigerian Red Cross máa ń kọ́ni, ẹ wádìí lọ́dọ̀ wọn.

Mo tẹnu mọ́ pípa iná nítorí ohun tí mo rí ní ìsọ̀ aláwẹ́dà kan lápá Ìtàmágà. Iná gbé ọmọ iṣẹ́ kan, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń pe Jésù, ọ̀kan ti fẹ́ dì í mú lẹ́sẹ̀ fà á, ìyá kan sì ti gbé omi nínú báfù bọ̀ láti òdìkejì ọ̀nà. Omi, sórí iná! Ọmọkùnrin kan tó kéré jù nínú wọn ló sáré wọ inú lọ pa súìsì. Òun náà ló tẹ àyà rẹ̀ títí ọmọ náà fi mí. A bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ, ó ní nínú ẹgbẹ́ Red Cross iléèwé wọn ni, wọ́n sì ń fi í ṣeré níbẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ohun kan tó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì mọ ọ̀gá náà, ó lówó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi epo pupa sí ẹnu ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Mo mọ̀ pé ó wà nítòsí ní bẹ́kìrì.

LÁTI BAYÉKÙ

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wà, láti Bayékù. Lọ́dún tó kọjá àwọn kan wá kọ́ àwa awakọ̀ àti àwọn tó ń wa yanrìn ní CPR. Wọ́n ní ká máa tẹ àyà nìkan, kò pọn dandan ká fi ẹnu kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà wa ní irọ́ ni, pé ikùn la máa kọ́kọ́ tẹ̀ kí omi tú jáde, tàbí ká gbé e dorí kodò. Ọ̀kan lára wa tilẹ̀ ní ká máa fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá a láyà. Kí ni òtítọ́, nígbà wo ló sì yẹ ká tún un kọ́?

ÌDÁHÙN

Àwọn tó kọ́ yín sọ òtítọ́ tí ó jẹ́ ti orí ilẹ̀. Àgbàlagbà tó ń rìn lọ ní ọjà Sábó tó kàn ṣubú lulẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Títẹ àyà nìkan lè gbé e dé ìgbà tí ìrànlọ́wọ́ á dé, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ju ìyẹn lọ. Ẹni tí omi gbé yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ tán lára tirẹ̀, ọkàn wá tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ àyà rẹ̀ láìfún un ní èémí, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú lẹ̀ ń tì kiri.

Torí náà, ẹ̀yin ará omi, èémí lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nínú omi, ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ gbéra, ẹ fi ìka fún imú rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ sì fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Méjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́ni, márùn-ún ni ti Yúróòpù, ẹ má jà nítorí ìyẹn, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, títẹ̀ 30, èémí 2. Bí ẹ bá ń kórìíra ẹnu ẹlòmíràn, tí n kò sì lè bá yín jà, ìbòjú kékeré kan wà tí èémí lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.

Títẹ ikùn ńkọ́? Rárá o. Gbogbo ohun tó wà nínú ikùn, omi àti ẹ̀bà, ni yóò gòkè wá, tí yóò sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Gbígbé dorí kodò náà ń fi àkókò ṣòfò ni. Bó bá fúnra rẹ̀ bì, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ìka nu ẹnu rẹ̀, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, n kò ní dáhùn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ojú yín láti mọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ lè máa la ẹnu pa ẹnu dé bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn èèyàn á ní "ó ń mí, ó ń mí", wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Kò mí. Bí ẹ bá pè é tí kò dáhùn, tí èémí rẹ̀ kò sì rí bí ti ẹni tó ń sùn, ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa tún un kọ́: èmi á ní lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ọ̀sà kì í fi ṣeré. Kí ẹgbẹ́ yín fi í sínú ìpàdé wọn, kí wọ́n sì máa fi àpò ìrẹsì ṣe é lóṣù mẹ́ta mẹ́ta bí mo ti sọ fún ará Odógunyàn. Ti àwọn tó ń wọ omi wa yanrìn tún le ju tiyín lọ, nítorí wọ́n ń lọ sísàlẹ̀ láìní okùn lára. Kí ẹnìkan tó mọ CPR máa wà lókè nígbà gbogbo, kó má bá wọn wọ omi. Kẹ́ ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi yín, ẹ̀yin awakọ̀. Mo máa ń rí yín ní Ìpàkodò tẹ́ ẹ fi ń jókòó lé.

LÁTI ÌJẸ̀DẸ́

Mà, mo rí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí CPR láàárín wákàtí kan, kò sì wọ́n. Ṣé mo lè gbé e lọ síbi iṣẹ́?

ÌDÁHÙN

Ẹ lè gbé e lọ, ẹ lè gbé e kọ́ sára ògiri pàápàá. OSHA tilẹ̀ ti sọ ọ́ kedere pé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó, pé ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó dáa ni èyí tó jẹ́ pé ẹ máa ka apá ti ìwé nílé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ tẹ ọmọláńgidi lójú olùkọ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó sanwó: èèyàn mélòó ló ń lo ọmọláńgidi kan? Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ fi owó yín sápò.

LÁTI SÁBÓ

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀ṣọ́ ni mí ní ẹnu ọ̀nà báńkì kan. Wọ́n ti kọ́ mi ní CPR, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ṣẹ́ èèyàn ní egungun ìhà ńkọ́? Wọn ò ní ní èmi ni mo pa á?

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ìhà lè ṣẹ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù pàápàá, lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, bí o bá sì gbọ́ tó dún, wo ibi tí ọwọ́ rẹ wà, kó o máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Egungun ìhà a máa jinná. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró tí kò sì mí, kò sí ohun tí o lè ṣe fún un tó burú ju ipò tó wà lọ.

Ohun tí o ṣe lẹ́yìn náà ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní kí ẹnìkan máa wo aago. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọsibítù, sọ fún wọn ìgbà tó ṣubú, ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, àti bóyá ó mí láàárín méjì. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ san owó tàbí kẹ́ ẹ mú ìwé ọlọ́pàá wá, sọ fún wọn pé òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí, National Health Act ti ọdún 2014, kò gbà kí wọ́n kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Kọ ọ́ sínú fóònù rẹ lónìí, torí n kò rò pé o máa rántí ọdún náà nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n.